Bel-Ami tí wọ́n tún tẹ̀: mo fi pẹ́ńsùlù ṣírò owó inú rẹ̀

3,000 sẹ́fà ni mo ra Bel-Ami, ìwé ìtàn àròsọ tí òǹkọ̀wé Faransé Guy de Maupassant kọ, ní Kòtònú, lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó tẹ́ ìwé sílẹ̀ lẹ́bàá títì. Tuntun ni, ó ṣì wà nínú ọ̀rá. Ilé ìtẹ̀wé kan ní Fáránsì ló tún un tẹ̀. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí mo ní ọ̀rọ̀ láti sọ nípa gọ́ọ̀mù wọn. Nígbà tí mo ń kọ́ Faransé ní Àgbádárìgì, àwọn ìtàn kúkurú Maupassant la máa ń kà. A ò débi ìwé ńlá. Ìdí nìyẹn tí mo fi rà á.

Ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀. Fráǹkì 3 àti sáńtíìmù 40 ló kù nínú àpò Georges Duroy, oṣù kò sì tíì parí. Ó dúró lójú pópó Párísì, ó ń rò ó: bí òun bá jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ti alẹ́, bí òun bá jẹ ti alẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀sán di ààwẹ̀. Ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin ni tẹ́lẹ̀ ní Àlgéríà, ó wá di akọ̀wé iléeṣẹ́ rélùwéè, 1,500 fráǹkì lọ́dún. Àwọn òbí rẹ̀ ń ta ọtí fún èrò lábúlé kan nítòsí Rouen. Kò ní ìwé ẹ̀rí gidi kan, kò mọ iṣẹ́ kan. Ojú tó fani mọ́ra àti irunmú tó ká ni gbogbo ohun tó ní.

Ibẹ̀ ni mo ti mú pẹ́ńsùlù. Gbogbo ibi tí Maupassant bá ti dárúkọ owó, mo ń kọ ọ́ sí etí ìwé. 40 fráǹkì lọ́wọ́ Forestier, ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú iṣẹ́ ológun, kó lè fi yá aṣọ òde. 200 fráǹkì lóṣù níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, pẹ̀lú sáńtíìmù 10 lórí ìlà kọ̀ọ̀kan. 20 fráǹkì tí Clotilde de Marelle, àlè rẹ̀, ń jù sínú àpò rẹ̀ láìsọ fún un (ó bínú gan-an, ó ní òun á dá a padà, ẹ máa retí). 70,000 nínú òwò Mòrókò. 500,000, ìdajì ogún tí ọkùnrin mìíràn fi sílẹ̀ fún ìyàwó Duroy. Nígbà tí mo fi parí, etí ìwé mi ti dà bí ìwé gbèsè ìyá alájàpá. Ẹ̀yìn ìwé náà pè é ní ìtàn ìfẹ́. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni alẹ́ tó kọ́kọ́ lọ jẹun nílé Forestier. Aṣọ àyálò ló wọ̀, sòkòtò náà fẹ̀ jù fún un díẹ̀. Ó ń gun àtẹ̀gùn lọ tìbẹ̀rùtìbẹ̀rù, ló bá rí ọlọ́lá kan tó kọjú sí i. Ó ta sẹ́yìn. Àṣé jígí ni, òun fúnra rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀! Ló bá dúró síbẹ̀, ó ń dán ẹ̀rín wò, ó ń nawọ́, ó ń ṣe ojú ẹni tí nǹkan yà lẹ́nu. Ní àjà kejì jígí mìíràn tún wà. Ó rọra ń rìn kó lè wo ìrìn ara rẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀ débi pé ẹni tó jókòó tì mí yọjú wo ohun tí mo ń kà.

Níléeṣẹ́ ìwé ìròyìn, wọ́n ní kó kọ àpilẹ̀kọ nípa Àlgéríà. Ó jókòó títí, bébà ṣófo. Ìgbà tílẹ̀ mọ́ ló sáré lọ bá Madeleine, ìyàwó Forestier, tó ń mu sìgá, tó ń pe ọ̀rọ̀ fún un, tí òun ń kọ. Forestier kú ní Cannes, Duroy fẹ́ opó rẹ̀, àwọn ẹlẹgbẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe òun náà ní Forestier, nítorí àpilẹ̀kọ rẹ̀ jọ ti òkú. Obìnrin yìí náà ló tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Lọ́dọ̀ àwọn Faransé, “de” láàárín orúkọ jẹ́ àmì ìdílé ńlá. Canteleu ni abúlé wọn. Wọ́n gé ìdí rẹ̀, Duroy sì di Du Roy de Cantel. Bẹ́ẹ̀ ọtí ni bàbá ṣì ń tà lábúlé.

Àlàyé tí wọ́n kọ sí ìparí ìwé wúlò fún mi lórí ọ̀ràn Mòrókò. Nínú ìtàn, ìwé ìròyìn náà ń búra pé kò sí ogun kankan, owó ìwé gbèsè Mòrókò (ìwé tí ìjọba fi ń yá owó, tí èèyàn lè rà, kó sì tà) já wálẹ̀, Walter tó ni ìwé ìròyìn àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ mínísítà sì rà á jọ. Lẹ́yìn náà ni ọmọ ogun Fáránsì wọ Tangier. Walter jẹ èrè 30 sí 40 mílíọ̀nù. Tùnísíà, tí Fáránsì gbà lọ́dún 1881, ni Maupassant ń bá wí; ó kàn yí orúkọ padà ni. Ẹ sì wo ìgboyà: inú ìwé ìròyìn kan ní Párísì, Gil Blas, ló ti kọ́kọ́ jáde díẹ̀díẹ̀ ní oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ọdún 1885. Inú ilé wọn ló ti ń bú wọn.

Ibi tí èmi àti òǹkọ̀wé ti jà ni ọ̀rọ̀ ìyàwó Walter. Obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì ni, ó ti dàgbà kí Duroy tó dé bá a. Ìfẹ́ pa á débi pé ó ń mú irun orí rẹ̀, ó ń wé e mọ́ bọ́tìnnì ẹ̀wù ọkùnrin náà ní kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ kó mọ̀. Duroy gba ilé Clotilde lọ bẹ́ẹ̀. Clotilde tú ọ̀kan, ó tún tú òmíràn, títí ó fi rí ewú. Ó dáa bí ìtàn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí obìnrin yìí ni Maupassant fi ń rẹ́rìn-ín ju ìwà ọkùnrin náà lọ, ó sì ń bá a lọ títí ó fi sú mi.

Ẹ má fo ibi tí akéwì àgbà, Norbert de Varenne, ti ń sin Duroy rìn lóru tó ń sọ̀rọ̀ ikú. Maupassant kò ju ẹni ọdún 42 lọ nígbà tí òun náà kú lọ́dún 1893, nílé ìtọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. N kò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ ọjọ́ tí mo kà á.

Ó ku ìwé fúnra rẹ̀. Lẹ́tà rẹ̀ kéré, àfi kẹ́ ẹ ní jígí ojú. Ẹ̀yìn rẹ̀ sọ bí ìtàn ṣe parí, ìwà òmùgọ̀. Gọ́ọ̀mù náà kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tó fi gbẹ. Ewé ìkẹyìn ló kọ́kọ́ já: Duroy ti kọ ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀, ó ti fẹ́ Suzanne, ọmọ Walter, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Párísì tí òun náà ń jẹ́ Madeleine, èrò ń wò ó, òun ń wo ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin lọ́ọ̀ọ́kán, ó sì ń rántí irun Clotilde tó máa ń rú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú bó bá jí. Mo fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ padà. Bí ẹ bá rí èyí tí wọ́n fi òwú rán, ẹ fi 1,000 sẹ́fà lé e, kẹ́ ẹ sì ra ìyẹn.