Amọ̀ tàbí Kọ́ńpáùn: Èwo Ni Kí Ẹ Rà Kí Sealant Tó Kan Ara Ọkọ̀?

Ẹ fọ ọkọ̀ yín, ẹ jẹ́ kó gbẹ, kí ẹ ki ọwọ́ bọ inú ọ̀rá tín-ín-rín, kí ẹ rọra fi ra bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bó bá ń ha yín lọ́wọ́ bíi yanrìn, ìdọ̀tí tí omi àti ọṣẹ kò lè ká ti lẹ̀ mọ́ ọn. Accord àwọ̀ wáìnì ni tèmi. Mo máa ń gbé e kọjá láàárín àwọn tírélà Àpápá, abẹ́ igi máńgòrò ló sì ń sùn ní Sùúrùlérè. Eruku irin bíréèkì, ọ̀dà títì, oje igi, gbogbo rẹ̀ ló wà lára rẹ̀. Bí ẹ bá fi sealant, ìyẹn ohun tí a ń fi pa ara ọkọ̀ láti dáàbò bo ọ̀dà rẹ̀, lé e bẹ́ẹ̀, kò ní lẹ̀ mọ́ ọ̀dà ọkọ̀ náà dáadáa, kò sì ní pẹ́.

Ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń tà fún wa láti fi ká ìdọ̀tí yìí. Ọ̀kan ni clay bar, amọ̀ rírọ̀ tí a ń fi omi oníṣampú yọ̀ lórí ọ̀dà, tó ń já ìdọ̀tí náà kúrò. Èkejì ni kọ́ńpáùn, ìpara tí a sábà máa ń fi ẹ̀rọ onífóòmù pa, tó ń ha ojú ọ̀dà fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n ti yàtọ̀ gan-an nìyẹn, ibẹ̀ náà ló sì ti ná mi lówó.

Kọ́ńpáùn ni mo kọ́kọ́ gbà. Ibi ìfọkọ̀ kan ní Yábà ni, ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní, “Ọ̀gá mi, ẹ fọkàn balẹ̀, á máa dán bíi dígí.” Ó gbé ẹ̀rọ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì ń pààrà etí rẹ̀ lọ bọ̀. Nígbà tó yá, ó gbé fóòmù ẹ̀rọ náà hàn mí, ó ti pọ́n: “Ẹ wo ìdọ̀tí tó jáde!” Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé ọ̀dà ọkọ̀ mi ni mo ń wò. Klíà, ìyẹn ìpele dídán tó bo ọ̀dà, kò ní àwọ̀, nítorí náà, bí fóòmù bá ti ń gba àwọ̀ ọkọ̀ tó ní klíà, a ti ha klíà tán nìyẹn. Kò gba agbára rárá: klíà tó ti ilé iṣẹ́ wá sábà máa ń jẹ́ nǹkan bíi 40 sí 50 máíkírọ́ọ̀nù, irun orí ọ̀pọ̀ wa nípọn jù ú lọ. Orí etí àti ibi tí páńẹ́lì ti tẹ̀ ló ti léwu jù, torí ibẹ̀ ni gbogbo ooru àti ìwúwo ẹ̀rọ ń bọ́ sí.

Kò pẹ́ tí etí bọ́nẹ́ẹ̀tì fi ṣú, tí kò dán mọ́. Sealant kò lè tún un ṣe, kò sí ohun kan tí a ń fi pa á tó lè dá klíà padà. Pẹ́ńtà ló tún gbogbo bọ́nẹ́ẹ̀tì náà kùn, títí di òní ni àwọ̀ rẹ̀ kò sì bá ti fẹ́ńdà mu bí oòrùn bá mú un. Owó tí mo san fún un ju owó clay bar mẹ́wàá lọ.

Ẹ̀yin tó ra tòkunbọ̀, ẹ ro èyí dáadáa. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ti fi kọ́ńpáùn dán kí wọ́n tó gbé e síta fún títà. Ẹ kò mọ iye klíà tó kù lára rẹ̀.

Ní ti ìlà wẹ́ẹ́rẹ́ tí kànrìnkàn àwọn ọmọ ìfọkọ̀ ń fà, kọ́ńpáùn borí. Amọ̀ kò lè mú un kúrò. Ní ti àkókò, amọ̀ lè gbà yín ní wákàtí méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rọ yára. Kọ́ńpáùn ń fi òróró sílẹ̀, ó sì pọn dandan kí ẹ fi isopropyl alcohol tí a là lómi nù ún kí sealant tó lè dì í mú. Ẹ má fi tínà nù ún o. Amọ̀ náà lè fa ìlà bí omi rẹ̀ kò bá tó, pàápàá lára ọkọ̀ dúdú.

Bí ìlà bá pọ̀ lára ọkọ̀ yín lóòótọ́, kọ́ńpáùn ní àyè tirẹ̀, lọ́wọ́ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń wọn bí ọ̀dà ṣe nípọn, tó sì ń wọ̀n ọ́n níṣojú yín kó tó bẹ̀rẹ̀. Bí kò bá ní, amọ̀ ni kí ẹ rà. Ẹ ra èyí tó rọ̀ jù, ẹ ṣe é lábẹ́ ìbòòji ní òwúrọ̀ kùtù kí páńẹ́lì tó gbóná, kí ẹ sì gé e sí mẹ́ta kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Èyí tó bá já bọ́ sílẹ̀, ẹ sọ ọ́ nù lójú ẹsẹ̀, bó ti wù kó tóbi tó, torí yanrìn tó kó nílẹ̀ kì í jáde mọ́.