Àwọn fíìmù Yorùbá tí a wò nílé láìpẹ́ yìí, àti èyí tó wọ̀ mí lára jù

Nínú gbogbo fíìmù tí a wò ní Kubwa, ní Àbújá níbí láìpẹ́, Ẹlẹ́ṣin Ọba ni kò tíì kúrò lọ́kàn mi. Biyi Bandele ló darí rẹ̀. Ọmọ Yorùbá ni, àmọ́ Kafanchan ní ìpínlẹ̀ Kàdúná ni wọ́n bí i sí. Àwa tí a ń tọ́ ọmọ sí Òkè Ọya mọ bó ṣe rí kí ọmọ máa gbọ́ Hausa lójú pópó, kó wọlé kó bá Yorùbá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ló ṣe fíìmù tí ìjìnlẹ̀ ọ̀rọ̀ kún inú rẹ̀ fọ́fọ́ yìí. Ó dùn mí pé ó kú ní oṣù kẹjọ ọdún 2022, nígbà tó ku díẹ̀ kí wọ́n kọ́kọ́ fi hàn ní Toronto.

Eré Wole Soyinka ni wọ́n fi ṣe é. Ọba ti wàjà, Ẹlẹ́ṣin gbọ́dọ̀ bá a lọ, ṣùgbọ́n ayé ṣì ń dùn mọ́ ọn: ojú rẹ̀ ti wọ ọmọge kan, òyìnbó sì tún wá dá sí ọ̀rọ̀ náà. Odunlade Adekola ni Ẹlẹ́ṣin. Ẹni tó mọ̀ ọ́n mọ́ àwàdà nìkan, ẹ lọ wo bó ṣe ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú àwọn ìyá ọlọ́jà. Nígbà tí Olúndé, ọmọ rẹ̀ tó ti ìlú òyìnbó dé, wá kojú bàbá tó yẹ kó ti kú, kò sẹ́ni tó mí nínú pálọ̀ wa. Apá tí àwọn òyìnbó ti ń ṣe fàájì ló gùn jù lójú tèmi.

Aládùúgbò wa kan, ará Kano, bá wa wò ó. Àwa á ti rẹ́rìn-ín tán kí Hájíà tó ka gẹ̀ẹ́sì ìsàlẹ̀ dé ìdí ọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ohun tó kà kò tó ìdajì ohun tí Ẹlẹ́ṣin sọ. Ìsàlẹ̀ yẹn làwọn ọmọ mi náà ń kà. Àbúrò nínú wọn ló bi mí pé kí ló dé tí wọ́n fi ń ki èèyàn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ kó tó dáhùn. Nítorí ìbéèrè yẹn nìkan, owó dátà kò dùn mí mọ́.

Aníkúlápó ti Kunle Afolayan ló tẹ̀ lé e. Òkú tó ń jí kọ́ ló mú mi. Saro gẹ́gẹ́ bí ahunṣọ tó wọ Ọ̀yọ́ láìní ẹnì kankan, tó ń wá iṣẹ́, tó bọ́ sọ́wọ́ Awarun, ìyẹn ló mú mi. Sola Sobowale ṣe Awarun dé góńgó! Bimbo Ademoye tó ṣe Arọ́lákẹ́ náà ò kẹ̀rẹ̀. Ojú Arọ́lákẹ́ máa ń sọ̀rọ̀ kí ẹnu rẹ̀ tó là. Nígbà tí ìgbéraga wọ Saro, mo bínú sí i bí ẹni pé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Jagun Jagun, ti ọdún 2023, ogun rẹ̀ pọ̀ jù fún mi. Àwọn ọmọkùnrin mi gbádùn ẹ̀. Ibi tó dáa jù níbẹ̀ ni bí ẹ̀rù Gbotija ṣe ń ba Ogundiji tó jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Femi Adebayo tó ṣe Ogundiji mọ ìyẹn í ṣe. Ká ní wọ́n dúró síbẹ̀ ni, kí wọ́n dín orí bíbẹ́ kù.

Lisabi: The Uprising ni mo retí jù, torí Ẹ̀gbá ni ìyàwó mi. Lateef Adedimeji gbìyànjú gan-an, aṣọ àti ilé wọn sì bá ìgbà náà mu. Ohun tó ń jẹ mí lógún nínú ìtàn Lísàbí ni àáró: àwọn àgbẹ̀ ń bá ara wọn ro oko káàkiri, láti inú oko yẹn ni wọ́n ti di ọmọ ogun tó lé àwọn ìlàrí Ọ̀yọ́, ìyẹn àwọn ìránṣẹ́ ọba tó ń gba ìṣákọ́lẹ̀. Mo fẹ́ rí ọkọ́ àti èébè pẹ́ kí n tó rí idà, kí n mọ bí ọkùnrin méjì ṣe ń fọkàn tán ara wọn lórí ebè. Ìyàwó mi ní mo ń béèrè jù. Ó ti wo apá kejì, ó ní kí n wá wò ó kí n tó parí ọ̀rọ̀ mi, mo sì máa wò ó lọ́jọ́ Sátidé tí iná bá wà.