Mo kúrò lórí sípíkà KEF LS50 Meta bọ́ sórí Wharfedale Linton: ohun tí etí mi gbọ́ nínú pálọ̀ mi l'Ákùúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn orin bíi tèmi, ẹ fara balẹ̀ torí ọ̀rọ̀ yìí á gùn díẹ̀. LS50 Meta ni mò ń lò tẹ́lẹ̀ nílé mi ní Alágbàká, amplifier Yamaha A-S501 (ẹ̀rọ tó ń fún sípíkà lágbára) ló ń gbé e, kò sì sóhun tó ṣe é títí mo fi yọ ọ́. Ṣùgbọ́n jùjú àti àpàlà ni orin tèmi. Ohun tí mo sì ń wá lára sípíkà ò ju méjì lọ: kí n gbọ́ ohun tí ìyá ìlù ń sọ, kí n sì mọ ibi tí gìtá béèsì ń gbà lábẹ́ ẹ̀.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ yin LS50 torí ó tọ́ sí i. Ọdún 2012 ni KEF kọ́kọ́ gbé LS50 jáde láti fi ṣàjọyọ̀ àádọ́ta ọdún ilé iṣẹ́ wọn, Meta wá dé ní 2020. Àárín wúfà, ìyẹn èyí tó ń gbé ohùn ìsàlẹ̀, gan-an ni wọ́n gbé tweeter ẹ̀, èyí kékeré tó ń gbé ohùn òkè, sí, torí náà ojú kan náà ni gbogbo ohùn ti ń jáde, ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ wíńdò ò pàdánù nǹkan kan lára ohun tẹ́ni tó wà láàárín ń gbọ́. Lẹ́yìn tweeter yẹn, wọ́n fi nǹkan pẹlẹbẹ roboto kan tó kún fún ọ̀nà kọ́lọkọ̀lọ síbẹ̀, KEF ní ó ń gbé 99% ohùn tó bá sá sẹ́yìn mì kó má bàa padà wá da tiwájú rú. Òótọ́ ni mo sì gbà pé wọ́n sọ. Tí obìnrin bá ń kọrin lórí ẹ̀, ẹ máa gbọ́ ibi tó ti mí. Ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ ń já gaara, gìtá onírin tí Sunny Adé mú wọ inú jùjú yẹn, tó máa ń fà gùn-ún-gùn lójú ọ̀run, LS50 mọ̀ ọ́n ṣe gan-an ni.

Ìsàlẹ̀ ni wàhálà wà. Wúfà ìnṣì 5.25 kan péré ló ní, KEF fúnra wọn sì kọ ọ́ pé tí ohùn bá ti lọ sísàlẹ̀ ju 79Hz lọ, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ (Hz ni iye ìgbà tí ohùn ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan, bó bá ṣe kéré sí ni ohùn ṣe ń lọ sísàlẹ̀ sí). Ẹ wá wo gìtá béèsì: okùn tó nípọn jù lọ, 41Hz ni, èyí tó tẹ̀ lé e 55, ẹ̀kẹta 73. Okùn mẹ́ta nínú mẹ́rin ló ti wà nísàlẹ̀ ibi tí sípíkà yẹn lágbára dé! Ẹ ṣì máa gbọ́ gìtá yẹn o, torí ohùn kọ̀ọ̀kan ní àwọn ohùn kéékèèké lórí ara wọn tí etí máa ń fi mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìdí ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Nínú jùjú tí orin kan lè gba ojú àwo kan tán láìdúró, ìdí yẹn ló ń gbé ijó. Tí kò bá sí, ó máa rẹ èèyàn láì mọ ohun tó fà á.

Ẹ̀gbọ́n mi kan wà lóde Oǹdó tó ní KEF R3 Meta, ti 2023 yẹn, mo lọ jókòó tì í. Tiẹ̀ ya wúfà ìnṣì 6.5 sọ́tọ̀ fún béèsì, KEF sì kọ 58Hz sí i. Ó mọ́, ó le, kò sí ibi tó ti fì. Ká ní orin òyìnbó tí wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣe ni mo ń gbọ́ jù, òun ni ǹ bá rà. Ṣùgbọ́n nígbà tá a fi àpàlà sí i, ó dà bíi pé ó ń to àwọn onílù sórí ìlà, bẹ́ẹ̀ èmi fẹ́ kí wọ́n fún ara wọn pọ̀ lójú agbo. Ẹ̀gbọ́n ò gbà pẹ̀lú mi, a sì jiyàn ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Linton ni mo wá rà. Wharfedale ti wà láti 1932, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Gilbert Briggs ló dá a sílẹ̀ ní Yorkshire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Linton àkọ́kọ́ jáde ní 1965, èyí tí mò ń sọ yìí ni wọ́n tún ṣe ní 2019, Peter Comeau ló yà á. Àpótí onígi ńlá ni, ọ̀kọ̀ọ̀kan lé díẹ̀ ní kílò 18, wúfà ìnṣì 8, ìnṣì 5 fún àárín, tweeter aláṣọ lókè. 40Hz ni wọ́n kọ sí i, ìyẹn ni pé okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì yẹn gan-an, ó mú un.

Kẹ́ ẹ wá gbọ́ ìyá ìlù lórí ẹ̀! Ìlù wa ń sọ̀rọ̀, a ò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa sọ ìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn àwo àtijọ́ tó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ibì kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé gbì-gbì lásán ni mò ń gbọ́. Lórí Linton, mo gbọ́ bí onílù ṣe fún ọsán, tí ohùn lọ sókè, tó tún tú u sílẹ̀ wẹ́rẹ́, oríkì ló ń kì! Màmá mi wá kí wa, wọ́n jókòó, wọ́n gbọ́ ọ, wọ́n sì ń fẹnu pe ohun tí ìlù ń sọ tẹ̀ lé e. Ibi tí mo ti mọ̀ pé owó mi ò ṣòfò nìyẹn.

Ohun mìíràn tí wọn kì í sábà sọ ni agbára tí sípíkà ń jẹ. dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe ń pariwo tó: tí agbára kan náà bá wọ inú wọn, LS50 á dé 85dB, Linton á dé 90dB. Ìyàtọ̀ márùn-ún yẹn kéré lójú, ṣùgbọ́n 3dB kọ̀ọ̀kan ń sọ agbára amplifier di ìlọ́po méjì, torí náà LS50 fẹ́ nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ta kó tó pariwo tó Linton. Yamaha mi, wátì 85 ni, tí àlejò bá kún ilé mo máa ń gbé LS50 lọ sókè gan-an, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Báyìí, mi ò kì í dé ìdajì.

Linton ò wá pé pérépéré o. Ó fẹ̀, ìyàwó mi ṣì ń wò ó. Ẹ gbọ́dọ̀ kọjú ẹ̀ sí ibi tẹ́ ẹ jókòó, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kì í gbọ́ ọ dáadáa tó LS50. Ihò méjì ló wà lẹ́yìn ẹ̀ tí béèsì ń gbà jáde, tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀yìn ẹ̀ ti ògiri, gbogbo ilé á máa hó. Èmi fà á wá síwájú ju gígùn apá kan lọ kó tó balẹ̀. Pálọ̀ wa náà dá kún un: táìlì nílẹ̀, bíríkì lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohùn á kàn máa ta padà. Mo tẹ́ rọ́ọ̀gì tó nípọn síwájú àwọn sípíkà, mo ta kọ́tìnì aṣọ wúwo, ìyẹn nìkan ṣe ju wáyà olówó iyebíye tí wọ́n ń tà fún èèyàn lọ. Aṣọ iwájú ẹ̀, ẹ má yọ ọ́, wọ́n ṣe é kéèyàn máa fi gbọ́ ọ ni, ó sì ń gbà á lọ́wọ́ eruku ọyẹ́ àti ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ iná ńkọ́. Sípíkà bí ìwọ̀nyí ò ní pulọ́ọ̀gì, amplifier ló ń bá iná ṣe. Inverter tẹ́ ẹ máa lò, ẹ jẹ́ kó jẹ́ pure sine wave, irú èyí tí iná ẹ̀ ń lọ geere bíi ti ìjọba, torí àwọn olówó pọ́ọ́kú yẹn máa ń jẹ́ kí amplifier kùn hùn-ùn, ẹ máa gbọ́ ọ nínú orin tó bá rọra ń lọ. Ẹni tó bá sì fẹ́ ra amplifier wá láti Amẹ́ríkà, kó wo ẹ̀yìn ẹ̀ dáadáa, tó bá jẹ́ 120V nìkan ni wọ́n kọ síbẹ̀, iná 230V tiwa máa jó o.

Mi ò ní kọ iye tí mo rà á torí dọ́là ò dúró lójú kan. Láti Èkó ni wọ́n ti wébíìlì ẹ̀ wá fún mi, mo sì tú páálí ẹ̀ wò ní gáréèjì kí n tó gbé e, ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀. LS50 mi kò lọ ibì kankan, yàrá ni mo gbé e sí, níbi tí ààyè ti kéré tí mo sì ń gbọ́ orin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lálẹ́, ó dùn níbẹ̀ ju bó ṣe dùn ní pálọ̀ lọ. Ẹni tó bá wà l'Ákùúrẹ́ tó fẹ́ gbọ́ méjèèjì kó tó náwó, kó kọ sí mi, kó gbé àwo tiẹ̀ dání.