Abẹ́rẹ́ goserelin fún jẹjẹrẹ prostate: iṣẹ́ tó ṣe àti ohun tó gbà lára

Abẹ́rẹ́ goserelin ni àwọn dókítà kọ fún ọkọ mi pẹ̀lú ìtọ́jú onítànṣán, nígbà tí àyẹ̀wò fi hàn pé jẹjẹrẹ prostate rẹ̀ wà lára èyí tó le, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì ràn dé egungun. Ọdún méjì ni wọ́n dá fún un. Ní báyìí tí ó ti gba èyí tó kẹ́yìn, mo fẹ́ sọ èrò mi nípa oògùn náà fún àwọn ìdílé tó ń rò ó bóyá kí àwọn rà á, nítorí pé owó ńlá ni fún ẹni tó ń ti àpò ara rẹ̀ sanwó ìtọ́jú ní Nàìjíríà.

Ní ti iṣẹ́ tí a torí rẹ̀ rà á, mi ò ní ẹ̀sùn kankan. Testosterone, ìyẹn họ́mọ́ọ̀nù ọkùnrin, ni jẹjẹrẹ yìí fi ń dàgbà, gẹ́gẹ́ bí Charles Huggins àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi hàn ní Chicago lọ́dún 1941. Goserelin ń mú kí ọpọlọ dẹ́kun àṣẹ tó ń pa fún kórópọ̀n láti ṣe họ́mọ́ọ̀nù náà, tó fi jẹ́ pé láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìwọ̀n rẹ̀ yóò ti wálẹ̀ dé ti ẹni tí wọ́n yọ kórópọ̀n rẹ̀. PSA ọkọ mi, ìyẹn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń tọpa jẹjẹrẹ prostate, wálẹ̀, kò sì tíì gòkè padà.

Kì í ṣe oògùn olómi. Ọ̀pá kékeré kan bíi hóró ìrẹsì ni, tí wọ́n ń fi sí abẹ́ awọ ikùn nísàlẹ̀ ìdodo, kí ó lè máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ níbẹ̀. Èyí tó jẹ́ 3.6 mg wà fún ọjọ́ 28, èyí tó jẹ́ 10.8 mg sì wà fún ọ̀sẹ̀ 12. Èyí kejì ni a mú, nítorí wàhálà ọkọ̀. Kí nọ́ọ̀sì wa tó gún un, ó máa ń gbé síríǹjì náà síbi ìmọ́lẹ̀, kí ọkọ mi fi ojú ara rẹ̀ rí oògùn náà nínú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ náà nípọn, nítorí náà ẹ béèrè fún oògùn tó ń pa ara kú. Ẹ tún béèrè lọ́wọ́ apòògùn ibi tó ń kó o sí nígbà tí kò bá sí iná, torí pé kò yẹ kí ó wà níbi tí ooru rẹ̀ ju 25°C lọ.

Testosterone máa ń kọ́kọ́ gòkè kí ó tó wálẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí wọ́n fi fún ọkọ mi ní oògùn oníhóró bicalutamide, tí kì í jẹ́ kí testosterone ráyè ṣiṣẹ́ lára jẹjẹrẹ náà, ṣáájú abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ àti fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí jẹjẹrẹ bá ti dé ọ̀pá ẹ̀yìn ẹnìkan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì ṣàdédé ń rọ tàbí tí kò lè tọ̀, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an ni.

Ohun tí oògùn yìí gbà lára ni ó yẹ kí a sọ láìfi bò. Ooru a dédé gbé ọkọ mi láàárín òru, àní nínú ọyẹ́. Òógùn a bo àyà àti ọrùn rẹ̀, aṣọ tó fi sùn a sì rin gbingbin. Aṣọ òwú, omi tútù àti dídín ata àti kọfí kù ràn án lọ́wọ́ díẹ̀. Bí ó bá le jù, oògùn wà tí dókítà lè kọ, medroxyprogesterone wà lára wọn. Ìfẹ́ ìbálòpọ̀ lọ pátápátá. Oògùn ló fà á, kì í ṣe pé ọkọ kò fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ mọ́, kí àwọn ìyàwó sì gbọ́ ọ láti ẹnu dókítà kí abẹ́rẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan gbé àgbo ọkùnrin wá fún un, a kò gbà á, nítorí pé ohunkóhun tó bá ń mú testosterone pọ̀ ń tú iṣẹ́ abẹ́rẹ́ náà ká ni.

Èyí tí ojú kì í tètè rí ló ń bà mí lẹ́rù jù: egungun ń fúyẹ́, iṣan ń dínkù, ikùn ń yọ, ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ sì lè gòkè. Ní ilé ìwòsàn tí a ń lọ, kò sẹ́ni tó dárúkọ àyẹ̀wò egungun títí a fi béèrè, èyí kò sì dára tó. Dókítà wá kọ calcium àti fítámì D, ó sì ní kí ó máa rìn, kí ó sì máa gbé nǹkan tó wúwo díẹ̀ déédéé. Eré ìmárale yìí ló dín àárẹ̀ rẹ̀ kù ju ohunkóhun mìíràn lọ. Nítorí náà, mo fún oògùn náà ní máàkì márùn-ún nínú márùn-ún, ṣùgbọ́n mẹ́ta péré ni mo fún ìtọ́jú tó yí i ká.

Kí ẹ tó san owó àkọ́kọ́, ẹ béèrè ìgbà tí yóò parí. Ẹni tí àrùn rẹ̀ wà ní ìwọ̀nba lè gbà á fún oṣù mẹ́rin sí mẹ́fà pẹ̀lú ìtànṣán, ẹni tí tirẹ̀ le lè gbà á fún oṣù 18 sí ọdún mẹ́ta. Ẹni tí tirẹ̀ ti ràn káàkiri sábà máa ń gbà á lọ títí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dókítà lè jẹ́ kí àwọn kan dánu dúró díẹ̀, lábẹ́ àyẹ̀wò. Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń yọ kórópọ̀n tọ́ sí ìjíròrò, torí pé ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n ń san owó rẹ̀; ṣùgbọ́n kò ní àtúnṣe, kò sì bá ẹni tí wọ́n dá ìgbà fún mu.

Bí abẹ́rẹ́ bá ti parí, ẹ má retí pé agbára yóò dé lọ́sẹ̀ kejì. Ó ń gba ọ̀pọ̀ oṣù kí testosterone tó padà, ó sì lè má padà tán lára àgbàlagbà tàbí ẹni tó gbà á pẹ́. Bí ó bá ń padà, PSA lè gòkè díẹ̀ lára ẹni tí prostate rẹ̀ ṣì wà nínú ara, nítorí náà dókítà wa ń yẹ méjèèjì wò pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà.