Ẹ̀rọ ìfúnpá oníbátìrì nílé àgbà tó ń dá gbé: àgbéyẹ̀wò láti Òṣogbo

Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá, ìyẹn agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó rẹ̀, ni mò ń sọ: èyí tí wọ́n ń dì mọ́ apá lókè ìgúnpá, tó ń fa afẹ́fẹ́ sínú ara rẹ̀, tó sì ń gbé nọ́ńbà mẹ́ta jáde: ti òkè (ìgbà tí ọkàn ń ti ẹ̀jẹ̀ jáde), ti ìsàlẹ̀ (ìgbà tí ọkàn ń sinmi) àti bí ọkàn ṣe ń lù. Ó wà ní ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù olóògùn láti Òkè-Fìà dé Ọláìyá. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà dun èèyàn, ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé àgbà tó ń dá sùn dá jí kò gbọdọ̀ ṣaláì ní in nílé. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe lò ó ni yóò ṣe sọ òótọ́ fún yín.

Ọ̀já rẹ̀, ìyẹn aṣọ tí wọ́n ń dì mọ́ apá, ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò, kì í ṣe orúkọ ara páálí. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn apá àgbà náà yíká, láàárín èjìká sí ìgúnpá. Ọ̀já tó wọ́pọ̀ wà fún apá sẹ̀ǹtímítà 22 sí 32, òmíràn sì gbòòrò láti 22 dé 42. Ìyá tí apá rẹ̀ jẹ́ 36, tó wá ń lo ti 32, nọ́ńbà tó ga ju ti ara rẹ̀ lọ ni yóò máa rí. Nínú ìwádìí kan tí àwọn olùwádìí Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé jáde lọ́dún 2023, àwọn tó yẹ kó lo ọ̀já tó tóbi jù lọ, tí wọ́n wá fi ọ̀já tí gbogbo èèyàn ń lò wọ̀n, nọ́ńbà òkè wọn fi nǹkan bí 20 lé. Ìyẹn tó kí wọ́n kọ oògùn tí kò yẹ fún èèyàn. Bí apá bá sì rù, tí ọ̀já tóbi jù, nọ́ńbà á wálẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ẹni tó ń tà á bá ní ó ń wọ gbogbo apá, ẹ wo ohun tí wọ́n kọ sára ọ̀já náà fúnra yín.

Bí wọ́n ṣe jókòó ló tún máa ń ba nọ́ńbà jẹ́. Kí àgbà kọ́kọ́ lọ tọ̀. Kò gbọdọ̀ mu kọfí tàbí kó jẹ obì láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú. Àga tó ní ẹ̀yìn ni kó jókòó lé, kì í ṣe àpótí. Kí ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ́ sílẹ̀, kó má gbé ìkan lé èkejì, kó sì sinmi fún ìṣẹ́jú 5. Kó bọ́ apá bùbá kúrò, torí apá aṣọ tí wọ́n ká sókè máa ń fún apá. Ìsàlẹ̀ ọ̀já fi ìka méjì ga ju kọ́rọ́ ìgúnpá lọ, kí rọ́bà tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ inú rẹ̀ gba ìhà inú apá wá. Kí apá wà lórí tábìlì, kí ọ̀já bá ọkàn dọ́gba. Ìwádìí mìíràn láti Johns Hopkins lọ́dún 2024 rí i pé apá tó wà lórí itan máa ń fi nǹkan bí 4 kún nọ́ńbà òkè, èyí tó rọ̀ sílẹ̀ á fi ju 6 lọ kún un. Bí aládùúgbò bá sì kí i pé "Ẹ kúulé o" láàárín kan, kó má dáhùn títí ẹ̀rọ á fi tú afẹ́fẹ́ sílẹ̀, torí ọ̀rọ̀ sísọ máa ń gbé ìfúnpá sókè.

Kó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, láàárọ̀ kó tó lo oògùn àti lálẹ́, fún ọjọ́ 7 ṣáájú ọjọ́ kílíníkì. Ẹ yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, kẹ́ ẹ ro ìyókù pọ̀, ti òkè lọ́tọ̀, ti ìsàlẹ̀ lọ́tọ̀, kẹ́ ẹ sì fi iye ìgbà tẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Nílé, 135 lórí 85 ni ààlà. Ìwé ni kẹ́ ẹ kọ ọ́ sí, torí bí ọkọ àti ìyàwó bá jọ ń lo ẹ̀rọ kan, nọ́ńbà wọn lè dàpọ̀ nínú rẹ̀.

Ibi tí mo ti fẹ́ràn rẹ̀ jù nìyí, àwọn tó ń tà á kì í sì í mẹ́nu kàn án. Lẹ́yìn ìjókòó, ẹ jẹ́ kí ọ̀já wà lápá, kí àgbà dìde dúró, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 1 àti 3. Bí ti òkè bá fi 20 wálẹ̀, tàbí ti ìsàlẹ̀ fi 10, ẹ̀jẹ̀ kò tètè dé ọpọlọ nìyẹn, òòyì lè kọ́ ọ, ó sì lè ṣubú. Egungun ìbàdí tó kán ló ń gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àgbà. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn tí àwọn bàbá ń lò fún ìtọ̀ tó ń há, tàbí omi tó gbẹ lára lè fà á. Kí ẹnì kan dúró tì í bó bá ń ṣe èyí. Kó gbé ìwé náà lọ bá dókítà, kó má dá oògùn dúró fúnra rẹ̀.

Ó ní àbùkù o. Bí ọkàn bá ń lù ségesège, nọ́ńbà rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kẹ́ ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ọkàn náà wò. Èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ rọrùn, àmọ́ bí ọwọ́ bá kúrò níbi tó ti bá ọkàn dọ́gba, irọ́ ló ń pa, mi ò ní í rà á fún àgbà. Bátìrì kékeré mẹ́rin ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, ìyẹn sì dára fún wa pẹ̀lú bí iná ṣe ń lọ. Ẹ yọ wọ́n tẹ́ ò bá lò ó fún ìgbà pípẹ́, kí omi wọn má jẹ ẹ̀rọ. Bó bá ń kọ E, ìyẹn àmì àṣìṣe, sójú, ó lè jẹ́ pé ọ̀já ti tú, apá ń mì, rọ́bà ti ká kò tàbí ó ń jò.

Bí nọ́ńbà bá ti kọjá 180 lórí 120, tí àyà ń dùn ún, tí ẹnu yí tàbí tí ọwọ́ kan kò ṣe é gbé, ẹ má tún un wọ̀n mọ́. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ.

Kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ ní kí olùtajà fi bátìrì sí i, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀méjì lójú ẹ̀, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.