Kọ̀pureétíìfù ọjà wa: mo fún wọn ní 7 nínú 10

Ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń dáwó nínú kọ̀pureétíìfù àwa oníṣòwò kan níbí ní Ìbàdàn, mi ò ní dárúkọ wọn o, kí wọ́n má bàa bu fáìnì fún mi. Báńkì ló lé mi débẹ̀. Mo fẹ́ yá 300,000 náírà kí n fi kó àlùbọ́sà, ọmọ tó jókòó sídìí tábìlì ní kí n lọ mú ìwé ilẹ̀ wá, èmi tí mò ń háyà ṣọ́ọ̀bù! Báńkì tó jẹ́ pé bí wọ́n ṣe ń já 50 náírà níbí ni wọ́n ń já 10 náírà lọ́hùn-ún lára owó mi.

Ti kọ̀pureétíìfù ò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó o bá ti fi pamọ́, ìlọ́po méjì ẹ̀ ni wọ́n máa yá ẹ, kó o ṣáà ti ní oníduùró méjì tí àwọn náà jẹ́ mẹ́ńbà. Mo ní 150,000 nílẹ̀, wọ́n fún mi ní 300,000, èlé 30,000, oṣù méjìlá ni mo fi san án, 27,500 lóṣooṣù. Èlé yẹn náà, tó bá dìparí ọdún, wọ́n á tún pín nínú ẹ̀ fún wa. Àmọ́ ojú oníduùró ò ní í kúrò lára ẹ o. Ìyá oníṣu tó fọwọ́ sí tèmi, kó tó mú báírò, ó wò mí títí, ó ní "Ṣé o ò ní sá ṣá?" Ìgbà tówó wá bọ́ sí mi lọ́wọ́, ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù mi kọjá, ó ń ka àpò àlùbọ́sà.

Ibi tí wọ́n ti bí mi nínú ni pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi dúró kówó yẹn tó kàn mí, àlùbọ́sà sì ti gbówó lórí. Tó o bá pẹ́ dé mítìn-ín, 500 náírà, ò báà jẹ́ òkú lo lọ sin. Inú nótúbúùkù gígùn kan báyìí sì ni gbogbo àkáǹtì wà, akápò á pọ́n ìka lá, á máa ṣí i, òjò ti pa á rí, àtìgbà yẹn ni mo ti ń fi fóònù ya ojú ìwé tèmi.

Ẹ má sì kó gbogbo owó yín síbẹ̀ jàre. Láti 2024, tí báńkì ńlá bá dẹnu kọlẹ̀, NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó táwọn èèyàn fi sí báńkì, á san tó mílíọ̀nù 5 náírà fún oníbàárà, ṣùgbọ́n wọn ò da ti kọ̀pureétíìfù pọ̀ mọ́ ọn.

Bàbá mi tó jẹ́ olókòòwò kòkó, Co-operative Bank lòun ń lò, èyí táwọn ẹlẹ́gbẹ́ kọ̀pureétíìfù dá sílẹ̀ n'Íbàdàn níbí ní 1953. Nígbà tí CBN, ìyẹn báńkì àpapọ̀ Nàìjíríà, ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan ní bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí, wọ́n pa á pọ̀ mọ́ àwọn mìíràn, ó di Skye Bank, Skye tún di Polaris ní 2018. Bàbá ò gbà o, "Kóópù" ló ń pè é títí.

Ọmọ tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti ní kí n ṣe oníduùró òun, Ọjọ́bọ̀ ló máa gba fọ́ọ̀mù. Lọ́la, màá kọ́kọ́ lọ ka apẹ̀rẹ̀ ata ẹ̀ ná.