Káàdì alájọ fún ìyàwó tí ọkọ ń ka owó ọjà rẹ̀

Ní ọjà Kàbà, ìyá aláta tí ọkọ ń ka owó ọjà rẹ̀ lálaalẹ́, tí ìyá náà wá ń tọrọ owó iyọ̀ lọ́wọ́ ọkọ, wọ́n ń fi owó fìyà jẹ ẹ́ ni. Òfin VAPP ọdún 2015, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn, kà á sí ẹ̀ṣẹ̀ ní Abùjá; ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe òfin tirẹ̀.

Fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, káàdì alájọ sàn ju kóló lọ, nítorí kóló kì í kúrò nílé. Ojú 31 ló wà lórí káàdì náà, ọ̀kan fún ọjọ́ kan. Ẹni tó ń dá ₦500 lójúmọ́ á dá ₦15,500. Alájọ á mú ₦500, ẹni tó dá a á gba ₦15,000. Bó bá jẹ́ ọjọ́ ọjà nìkan lọwọ́ ń tẹ owó, kó san ojú márùn-ún lẹ́ẹ̀kan.

Káàdì tí wọ́n bá lábẹ́ ẹní ló sábà máa ń tú àṣírí. Kó wà lọ́wọ́ ẹlẹ́gbẹ́ lọ́jà. Àléébù tó burú jù ni alájọ tó ń kówó fún ọkọ “torí òun lolórí ilé”. Ẹ bi alájọ léèrè bóyá ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ kẹ́ ẹ tó dá kọ́bọ̀. Bó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹ wá ẹlòmíràn. Kówó má sì pẹ́ ju oṣù kan lọ lọ́wọ́ rẹ̀, torí àwọn alájọ kan a máa sá lọ.

Bánkì? Ó dáa, bí síìmù tí alẹ́ẹ̀tì ń wọlé sí kò bá sí lọ́wọ́ ọkọ.